Ẹ̀rọ Tí Ọwọ́ Atúnṣe Kò Lè Tó

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa rófà mi, ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, ni bó ṣe lè sáré tó. Wọ́n á yà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á wo táyà rẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á wo wáyà tí mo so mọ́ apá rẹ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, èyí á bá alùpùpù zémìjáàn du ọ̀nà o." Bí mo bá wá tàn án pé kó rìn, wọ́n á dákẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá á fi í sílẹ̀. Àwọn kan rò pé bátìrì rẹ̀ ló ti ń kú. Ẹnì kan tiẹ̀ na 200 sẹ́fà sí mi, ó ní kí n fi kún owó ohun tó kù tí kò jẹ́ kó lè sáré. Mo gba owó náà, mo sì dúpẹ́.

Bẹ́ẹ̀, bó ṣe yẹ kó máa rìn ló ń rìn yẹn. Curiosity ni mo ń wò ṣe, rófà, ìyẹn ẹ̀rọ onítáyà tí kò ní awakọ̀ nínú, tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, fi ránṣẹ́ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, tó balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Òun náà, tí ilẹ̀ bá tẹ́jú tó sì le, kì í rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Á fi odindi wákàtí kan rìn, kò ní tíì dé mítà 150. Ká ní ó gbéra láti ìdí òkè wa níbí ní kùtùkùtù, oòrùn á ti kan àtàrí kó tó wọ ọjà Sábẹ̀ẹ́, ìlú wa ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ má sì rò pé nǹkan kékeré ni o. Kílò 899 ló wọ̀n, owó tí wọ́n sì ná lé e lórí ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ. Ta ló ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ sórí ohun tí kò lè sáré?

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló fà á. Máàsì jìnnà débi pé ìròyìn tó ń bá ìmọ́lẹ̀ rìn gan-an máa ń pẹ́ lọ́nà: nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 nígbà tí òun àti ayé wa bá súnmọ́ra, nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 nígbà tí wọ́n bá jìnnà síra. Ẹni tó ń darí rófà láti Amẹ́ríkà kò lè rí kòtò kó wá tẹ bíréèkì. Ìgbà tó bá máa fi rí kòtò náà, rófà á ti wà nínú rẹ̀. Tó bá sì ti kó sínú rẹ̀, kò sí ọmọ àdúgbò tó máa sáré wá bá a gbé e jáde.

Èmi, atúnṣe ni mí. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fóònù, fáànù, ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nínú, wọ́n ń gbé e wá bá mi. Bí mo ṣe ń ka ìtàn àwọn rófà wọ̀nyí ni mo wá ń rí i pé ọwọ́ mi wà nínú ìṣirò gbogbo ohun tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹni tó ṣe fáànù mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan níbì kan á ṣí i, á nu eruku inú rẹ̀, á fi epo sí i. Rófà kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé bó bá ti kúrò nílẹ̀ báyìí, ó tán, ọwọ́ èèyàn kò ní kàn án mọ́. Ohun tó mú mi nìyẹn. Mo fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń ronú tó bá ń ṣe ohun tí irú mi kò ní lè dé ìdí rẹ̀.

Màmá mi kò rí i bẹ́ẹ̀.

"Ta ló máa gùn ún?"

"Kò sẹ́ni tó máa gùn ún, Màmá."

"Kí ló máa rù?"

"Kámẹ́rà."

"Kí ni kámẹ́rà náà máa yà?"

"Òkúta ni, Màmá."

Wọ́n wo òkè tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n wá wo ojú mi. "Èyí tí Ọlọ́run kó síbí kò tíì tó ọ wò?"

Ó tó mi wò. Ká sòótọ́, mi ò mọ ibòmíràn ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí irú iṣẹ́ yìí bá mu tó Sábẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Kútọnu bọ̀ níhà àríwá mọ̀ pé ilẹ̀ á tẹ́jú títí á fi sú ojú, lẹ́yìn náà ni àwọn òkè wa á wá yọ lójijì, akọ òkúta ràbàtà, dídán, tí àwọn tó ń sọ Faransé fi wé ọmú obìnrin. Ìdí wọn kún fún òkúta tó ti ya lulẹ̀, èyí tó tó orí èèyàn àti èyí tó tó ilé. Lẹ́yìn òkúta ni iyanrìn onígún tó máa ń wọ inú bàtà, lẹ́yìn iyanrìn ni ilẹ̀ pupa àti yangí. Pupa tí ilẹ̀ wa pọ́n àti pupa tí Máàsì pọ́n, ohun kan náà ló fà á: irin inú erùpẹ̀ ló dípẹtà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tiwa ń rí òjò.

Àwòrán iṣẹ́ náà kò wọ́n. JPL, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe rófà fún NASA ní Kalifọ́níà, gbé ètò rófà kékeré kan síta ní ọdún 2018 pé kí ẹnikẹ́ni tó bá wù wá mú un lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wọ́n ni ohun èlò. Wọ́n ní kò ní ju nǹkan bí 2,500 dọ́là lọ, tí wọ́n sì rò pé ó pọ́ọ́kú. Ní tiwa, ó lé ní mílíọ̀nù kan sẹ́fà dáadáa. Òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí, ìyẹn 52,000 sẹ́fà, á ṣiṣẹ́ fún ohun tó ju ọdún méjì lọ láìjẹun kó tó lè ra gbogbo rẹ̀. Mo pa ètò náà mọ́ sínú fóònù, mo ní màá lo ìmọ̀ inú rẹ̀, màá fi ọjà inú rẹ̀ sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́, Faransé ni èmi kà níléèwé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Ṣakí, níkọjá odò Òpàrà, ló ń ka ibi tó bá rú mi lójú, tí wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní Yorùbá, pẹ̀lú àwàdà tí kò sí nínú ìwé náà.

Ohun kan wà tí a ní lọ́pọ̀ yanturu ní Bẹ̀nẹ̀: ọkọ̀ àlòkù. Èbúté Kútọnu ni wọ́n ń gbà wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọjá lọ sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n èyí tó bá kú síbí, ibí náà ni wọ́n ti ń tú u. Mo lọ bá àwọn tó ń tú ọkọ̀, mo ní kí wọ́n bá mi kó ẹ́ńjìnnì tó ń gbé gíláàsì fèrèsé sókè jọ. Ẹ́ńjìnnì yìí kéré, bátìrì fóltì 12 gbé e, ó sì lágbára ju bó ṣe rí lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé eyín inú rẹ̀ máa ń gbá ara wọn mú: ẹ́ńjìnnì lè yí gíláàsì, gíláàsì kò lè yí ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí olè kò fi lè fi ọwọ́ ti fèrèsé wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Fún rófà tó dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ìtumọ̀ èyí ni pé bí iná bátìrì bá tán pátápátá, kò ní yí padà sẹ́yìn. Á dúró síbi tó wà, á máa retí oòrùn.

Mẹ́fà ń yí táyà, mẹ́rin kéékèèké mìíràn ń darí táyà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mẹ́wàá lápapọ̀, iye kan náà pẹ̀lú ti Curiosity. Ọmọọṣẹ́ mi béèrè ìdí tí táyà kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ gidi. Mo ní kó fojú inú wò ó pé ẹyọ kan náà jóná. Ó ronú, ó ní, "Ha, à á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù." Mo ní ṣọ́ọ̀bù wo?

Táyà ló gbà mí lákòókò jù. Rọ́bà kò bójú mu, nítorí kò sí rọ́bà ní Máàsì. Òtútù ibẹ̀ á sọ ọ́ di ohun tó ń fọ́. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ti Curiosity, tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé níbi tó fẹ́lẹ́ jù, kò tó mìlímítà kan. Mo bá tọ bàbá kan lọ tó ń yọ́ alumíníọ̀mù da ìkòkò.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìkòkò mẹ́fà ni mo fẹ́, kí ẹ má fi ìdí sí i."

Wọ́n ní, "Ìkòkò tí kò nídìí? Ọmọ mi, kí lo fẹ́ sè níbẹ̀?"

Mo ṣàlàyé. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí bí ilẹ̀ tó máa rìn ṣe rí, mo ní òkúta àti iyanrìn. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dán nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ ìkòkò àpẹẹrẹ sínú erùpẹ̀ tí wọ́n fi ń dà á, tí wọ́n yọ ọ́, wọ́n mú irin tín-ínrín kan, wọ́n fa ilà sára erùpẹ̀ náà yíká. Nígbà tí alumíníọ̀mù gbígbóná kún ibẹ̀, tó sì tutù, gbogbo ilà wọ̀nyẹn yọ síta bí eyín tó ń di ilẹ̀ mú. Mo ti wo àwòrán táyà Curiosity títí, mi ò rò pé àwọn tó ṣe é á rí àléébù nínú iṣẹ́ bàbá yẹn ju pé ó wúwo. Ìwúwo náà tiẹ̀ ṣeé gbèjà. Ní ọdún 2013 ni wọ́n rí i pé òkúta ṣóńṣó tí atẹ́gùn ti pọ́n lẹ́nu ti ń lu táyà Curiosity jákèjádò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Perseverance, rófà mìíràn tó balẹ̀ ní ọdún 2021, wọ́n fi kún bí táyà náà ṣe nípọn, wọ́n sì yí àwọn ilà ara rẹ̀ padà.

Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n fi ojú ibì kan sílẹ̀ láìfa ilà lára táyà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rò pé oge ni. Oge kọ́. Sára táyà Curiosity, wọ́n dá ihò kéékèèké tó ń kọ lẹ́tà JPL sílẹ̀ ní ìlànà Morse, ti tẹ́lígíráàmù àtijọ́, gbogbo ìgbà tí táyà bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Kámẹ́rà á wo ẹ̀yìn, á wo bí àmì kan ṣe jìnnà sí èkejì. Bí èèyàn bá wọn táyà tèmi gba àárín rẹ̀ kọjá, sẹ̀ǹtímítà 20 ni, nítorí náà ó yẹ kí àmì méjì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 63 jìnnà síra. Bí mo bá rí 60, ara le. Bí mo bá rí 30, táyà ń yí lásán, iyanrìn ti ń gbé e mì. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ̀ báyìí pé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ òun ń rì, láti inú ohun tí ẹsẹ̀ náà tẹ̀ sílẹ̀.

Apá tó gbé táyà wọ̀nyí dúró ni mo fi ajẹkù alumíníọ̀mù àwọn tó ń ṣe fèrèsé ṣe, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ni mo fi dè é. Donald Bickler, ẹnjiníà ní JPL, ló ronú kan irú apá yìí ní àwọn ọdún 1980, gbogbo rófà tí NASA ti gbé lọ sí Máàsì láti orí Sojourner ní 1997 ló sì ń lò ó. Kò ní sípíríìngì kankan. Ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, apá gígùn kan di táyà iwájú mú, ìdí rẹ̀ lẹ́yìn sì di apá kúkúrú kan mú tó gbé táyà àárín àti ti ẹ̀yìn. Gbogbo oríkèé wọn ló ń lọ sókè sódò bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀pá kan wá dábùú orí ara rófà, tó so apá gígùn méjèèjì pọ̀ mọ́ra bíi ti òṣùwọ̀n: bí ti ọ̀tún bá gòkè, ó ń tẹ ti òsì mọ́lẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, táyà kan lè gun òkúta tó ga tó òun fúnra rẹ̀, kí márùn-ún yòókù ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ara tó gbé kámẹ́rà má sì fì ju ìdajì lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó gun òkúta, mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ojú mi lè bá a dọ́gba. Táyà iwájú fara ti òkúta, àwọn tó wà lẹ́yìn tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ún, kò kánjú, kò sì mì. Mo wò ó títí tí Màmá fi wá béèrè bóyá ara mi kò yá.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kútọnu ní ẹ̀dà lásán ni mo ṣe, kò sí ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mí tó bó ṣe rò. Kétu ni ilé ìyá mi, níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, èyí tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó wà lára ogún àtàtà gbogbo ayé. Ẹni tó bá ti rí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa mọ̀ pé àwọn agbẹ́gilére wa kò mọ sórí ojú èèyàn àti ẹyẹ nìkan. Wọ́n ti gbẹ́ alùpùpù sórí ère, wọ́n ti gbẹ́ bàálù. Àwọn ère kan wà tí wọ́n so okùn mọ́ nínú, tó jẹ́ pé bí oníjó bá ti fà á, ohun tó wà lókè á mira, ejò á bu ẹran jẹ. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan dìde láàárín agbo kó ní bàálù yẹn kò lè fò. Agbẹ́gilére tó bá fẹ́ gbẹ́ alùpùpù gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti so mọ́ ara rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀dà.

Àwọn NASA fúnra wọn kò lè ṣiṣẹ́ láìní ẹ̀dà. Curiosity ní ìkejì nílẹ̀ ayé tó ń jẹ́ MAGGIE, Perseverance ní tirẹ̀ tó ń jẹ́ OPTIMISM. Wọ́n tún ní ọ̀kan tó ń jẹ́ Scarecrow, tí wọn kò fi kọ̀ǹpútà kankan sí lórí. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Agbára tí Máàsì fi ń fa nǹkan mọ́lẹ̀ kò ju nǹkan bí 38 nínú 100 ti ayé lọ, nítorí náà wọ́n bọ́ ara ẹ̀dà náà sílẹ̀ títí ìwúwo rẹ̀ lórí iyanrìn Kalifọ́níà fi bá ìwúwo Curiosity dọ́gba lórí iyanrìn Máàsì. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ṣeé gùn, òun ni wọ́n ń rán.

Mo ṣe òfin kan fún ara mi, mo sì fi de ọmọọṣẹ́ mi: bí rófà bá ti wà lórí òkè, ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, ká kó ẹrù, ká máa lọ ilé. Mi ò mọ̀ pé òfin yìí máa le tó bẹ́ẹ̀. Bí rófà bá fì díẹ̀, ọwọ́ mi á ti na kí n tó mọ̀. Ìgbà tí mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ atúnṣe ló ti kọ́ ọwọ́ yẹn bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, mo ní láti máa jókòó sẹ́yìn àpáta ńlá kan tí mi ò ti lè rí i, kí ọmọọṣẹ́ mi máa ṣọ́ ewúrẹ́. (Ewúrẹ́ kò sí nínú ètò JPL. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí ní Sábẹ̀ẹ́, kó fi wọ́n sí i.)

Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá fi ìdádúró sí i. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, Raspberry Pi kékeré kan, yára ju kọ̀ǹpútà Curiosity lọ fíìfíì. Mẹ́gáhátíìsì 200 péré ni ti Curiosity, nítorí èyí tó lè fara da ìtànṣán olóró òfuurufú ni wọ́n wá, kì í ṣe èyí tó yára. Mo kọ ètò kan sínú Pi náà pé kó di gbogbo àṣẹ tí mo bá rán mú fún ìṣẹ́jú 14 kó tó ṣe é, kó sì di gbogbo àwòrán tó bá yà mú fún ìṣẹ́jú 14 kó tó fi hàn mí. Ìṣẹ́jú 14 ni mo mú nítorí pé nǹkan bí iye yẹn ni ìròyìn fi rìn lọ́jọ́ tí Curiosity balẹ̀. Bíbalẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú 7 lọ. Nígbà tí àwọn tó wà ní Kalifọ́níà fi gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú afẹ́fẹ́ Máàsì, ó ti wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó yè tàbí ó ti fọ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ darí nǹkan báyìí. Ẹ ní kó lọ síwájú ní mítà kan. Ẹ jókòó. Ẹ mu gààrí. Ìṣẹ́jú 28 kọjá, àwòrán dé: òkúta kan wà lápá òsì tí ẹ kò rò. Ẹ ní kó yí díẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹ tún jókòó. Lọ́nà yìí, ọjọ́ á lọ, kò ní tíì kọjá ìdí igi kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ máa fi àṣẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Bí ẹni tó ń ránṣẹ́ sí ọmọ tó wà lájò ló ṣe yẹ kí n máa kọ ọ́: ṣe èyí, bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, dúró, bí ara rẹ bá fì ju dígíríì 30 lọ, má lọ mọ́, ya àwòrán, kí o retí mi. Gbogbo "bí" tí n kò bá kọ sílẹ̀ ni ewu. Àwọn tó ń darí Curiosity náà, àṣẹ ọjọ́ kan ni wọ́n sábà máa ń kó jọ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí òun á fi ojúmọ́ Máàsì ṣe é. Ojúmọ́ ibẹ̀ tiẹ̀ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 gùn ju tiwa lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku bo páńẹ́ẹ̀lì sólà mi títí ó fi di pupa rúsúrúsú. Ọwọ́ tún ń yún mi láti nù ún. Eruku ló pa Opportunity, rófà tí wọ́n ní kó fi 90 ọjọ́ Máàsì ṣiṣẹ́, tó ṣiṣẹ́ ju ọdún 14 lọ, tó sì rin kìlómítà 45 kí ìjì eruku tó bo gbogbo Máàsì ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Kò sí ẹni tó lè lọ nu páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Atẹ́gùn ti ń bá a nù ún tẹ́lẹ̀, ìdí kan nìyẹn tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Ìjì kékeré kan tó ń pòòyì gba ìdí òkè kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bátìrì wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná sí i. Ọmọọṣẹ́ mi ní àgbàlagbà kan ló ràn wá lọ́wọ́.

Nínú ọyẹ́ yẹn náà ni ẹ́ńjìnnì táyà iwájú ọ̀tún kú. Iyanrìn wọ inú eyín rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ títí, ó dákẹ́. Mo rí i nínú àwòrán: àmì márùn-ún ń lọ bó ṣe yẹ, ẹ̀kẹfà jẹ́ ìlà gbọọrọ kan tó ń wọ́ lọ nílẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, nítorí pé táyà kan náà gan-an ni, ti iwájú ọ̀tún, tó kú lára rófà Spirit ní Máàsì ní ọdún 2006. Àwọn tó ń darí Spirit yí ojú rẹ̀ padà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn wà á, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ tó kú lẹ́yìn ara rẹ̀. Ní ọdún 2007, ẹsẹ̀ tó ń wọ́ yẹn ló wú ilẹ̀ funfun kan síta lábẹ́ eruku pupa, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n sì rí i pé sílíkà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù ni, irú èyí tí omi gbígbóná tàbí ooru rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀. Ká ní ẹsẹ̀ náà le, á ti gba orí rẹ̀ kọjá. Ní ọdún 2009 ni iyanrìn mú Spirit. Wọ́n da iyanrìn jọ ní JPL, wọ́n gbé ẹ̀dà rẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n fi ń wá ọ̀nà àbáyọ, ṣùgbọ́n kò jáde. Ní oṣù kẹta ọdún 2010 ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

A yí tiwa náà padà, a fi ẹ̀yìn wà á. Ó gba kí n tún gbogbo ìṣirò yíyí rẹ̀ kọ, torí pé ẹsẹ̀ tó kú ń fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó wálé fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí dé ìdí àpáta tí mo jókòó sí. Kò rí sílíkà kankan wú jáde, yangí nìkan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo ohun tó wà lórí tábìlì mi. Ẹ wo fóònù òde òní. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, bátìrì rẹ̀ kò ṣeé yọ àyàfi tí èèyàn bá fi ooru yọ́ ọ, bí wọ́n bá sì yọ gíláàsì rẹ̀ tí ọwọ́ gbọ̀n díẹ̀, ó ti fọ́. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé atúnṣe wà ní gbogbo àdúgbò, ní Sábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Àwọn tó ṣe rófà mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀, wọ́n wá fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́fà kí ẹyọ kan lè kú kó má jókòó. Nínú méjèèjì, mo mọ èyí tó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nílò mi.

Ẹ́ńjìnnì fèrèsé mìíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ọmọọṣẹ́ mi ti bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kí òun pààrọ̀ rẹ̀, pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹsẹ̀ márùn-ún ló kù ú, ẹsẹ̀ márùn-ún ló máa fi gun apá òkè tó kọjú sí ojú irin nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró. A ti ń kọ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá," ló wí, "tí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pé ohun tó bàjẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí tí ẹ lẹ́ ò ní tún ṣe ńkọ́?"

Mo ní kó sọ fún wọn pé ó wà lájò.